Ọ̀nà Tí Wọ́n Fi Abẹ Ha Kúrò

Dáwódù ilé wa ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Òun ni àkọ́bí ọkùnrin bàbá mi, ọmọ ìyálé. Ìyá tèmi ni ìyàwó kejì. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n ó sì dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òun ló là á fún wọn. Ó gba ọ̀nà kan lọ́wọ́ mi. N kò sọ pé ó gba ilẹ̀ o. Ilẹ̀ ni gbogbo ayé ń jà lé lórí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kóòtù sì wà fún ìyẹn. Ọ̀nà ni mo wí: ọ̀nà tóóró kan tó la àárín ilé wa kọjá ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, láti ojú títì níwájú dé ìkọ̀rọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sí Jankara lẹ́yìn. Ó ní ọ̀nà náà kò sí rí. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi tí mo gbà á lọ, tí mo gbà á bọ̀ ní gbogbo ìgbà èwe mi, bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè bóyá ojú oorun ni mo ti rí i.

Mo ti darúgbó báyìí. Ohun tó kù tí mo fẹ́ gbọ́ kí n tó fi ayé sílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀nà náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí. Kò fẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá pàdé nínú rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ògiri wà lọ́tùn-ún, ògiri wà lósì, páànù òrùlé méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra lókè, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ síbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí etí aṣọ tí wọ́n fà ya. Lọ́sàn-án, mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́nu yàrá wa, n óò máa wo ìmọ́lẹ̀ yẹn bó ṣe ń rìn nílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ. Atẹ́gùn ọ̀sà a máa gbabẹ̀ wọlé, òórùn aró àdìrẹ tuntun láti Jankara a sì máa tẹ̀ lé e. Mo lè sùn lọ níbẹ̀, kí n tún jí, kí n má mọ èwo ni mo fi ojú rí, èwo ni mo lá.

Ìyálé máa ń jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ti iwájú, lójú títì. Ìyá mi, tó ń ta òwú ìránṣọ àti abẹ́rẹ́, máa ń jókòó ní ẹnu ti ẹ̀yìn, níbi tí ìkọ̀rọ̀ Jankara ti wọlé. Wọn kì í bára wọn jà. Wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni ló lè gba ọ̀nà wa kọjá, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń gbà á. Bí o bá dé ẹnu rẹ̀, wàá ké "Àgò onílé o!" wàá sì dúró. Kì í ṣe pé ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kùn kankan. Ṣùgbọ́n bí àgbà tó jókòó sẹ́nu ibẹ̀ kò bá tíì dáhùn pé "Àgò yà," ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ń dá ènìyàn padà. Mo rí obìnrin kan tó ru igbá, tó fẹ́ yọ́ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìyálé sì ké mọ́ ọn:

"Ìwọ yẹn, padà síbi tó o ti wá! Ṣé o rò pé inú igbó lo wọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjà ni mò ń sáré lọ."

"Ọjà ò níí sá fún ẹ. Padà, kó o wá ké àgò bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."

Obìnrin náà padà sójú títì pẹ̀lú igbá rẹ̀, ó ké àgò, wọ́n dá a lóhùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí, ó wá kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní òdì kejì, ó tún kí. Bí àwọn ọlọ́jà bá pọ̀, tí wọ́n jọ ń bọ̀, ẹnì kan nínú wọn ló máa ń ké àgò fún gbogbo wọn, ìdáhùn kan á sì kárí gbogbo wọn. Bí ó ṣe tóóró tó yẹn, àwọn tó ń gba inú ilé wa kọjá lójúmọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń gba títì lọ. Títì fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ kún un lọ́tùn-ún lósì, ọmọlanke á dábùú, ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ á wá dúró máa wo ojú ara wọn. Mo ti mọ èyí láti kékeré, láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Mo kàwé. Ìyá mi fi òwú àti abẹ́rẹ́ rán mi dé yunifásítì, mo sì kọ́ nípa ilẹ̀ àti bí a ṣe ń yàwòrán rẹ̀. Mo wá ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ya máàpù ní erékùṣù. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń mú bírò níbẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù ń tẹ táípù. Ọ̀gá mi ìgbà náà ni ẹni kejì tí ó ṣẹ̀ mí. Bí àlejò bá dé, ó máa ń ní kí n dìde lọ po tíì, pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká tún máàpù Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yà. Ọwọ́ mi ni ó bọ́ sí. Mo ya àwọn títì, mo ya àwọn ìkọ̀rọ̀, nígbà tí mo dé ilé wa, mo fi bírò tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fa ìlà méjì tó sún mọ́ra kọjá láàárín rẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà ni, ènìyàn ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán mi lọ sí ìlú mìíràn lọ wọn ilẹ̀. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn, dáwódù ló ń ṣe olórí ilé.

Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá mi ní ká jọ lọ fi ojú rí ohun tí mo yà. A dé ilé wa. Ní ẹnu ọ̀nà ti iwájú, mo bá ṣọ́ọ̀bù onípákó kan. Ní ẹnu ti ẹ̀yìn, mo bá ògiri. Mo fi ọwọ́ kàn án. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tutù.

Dáwódù jáde sí wa, ó ń nu ẹnu.

"Ọmọbìnrin yìí ní ọ̀nà kan gba inú ilé yín kọjá," ni ọ̀gá mi wí.

"Ọ̀nà kẹ̀? Ọ̀gá, ilé lẹ̀ ń wò yìí, ilé onílé. Kò sí ọ̀nà tó gba inú ilé wa kọjá rí."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Àná kọ́ ni wọ́n bí mi sílé yìí."

"Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé o ò mọ nǹkan. Láyé bàbá wa ni ògiri yìí ti wà."

Ìyá mi wà nínú ilé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jáde, nítorí pé nílé wa, ìyàwó kejì kì í já dáwódù nírọ́ lójú àlejò. Ọ̀gá mi kò sì bi àwọn tó ń kọjá lójú títì. Ó ní ọkùnrin ilé ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí a padà sí ọ́fíìsì, ó gbé abẹ, ó tẹ́ máàpù mi sábẹ́ iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìlà méjèèjì kúrò, díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ eruku yíǹkì náà dànù lẹ́nu. "Ó jọ pé o lálàá rẹ̀ ni," ó wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa ń lálàá ọ̀nà." Wọ́n gbé máàpù náà jáde bẹ́ẹ̀. Wọn kò fún mi ní máàpù ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé yà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Odò àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fún mi yà.

Ìyá mi kò gbé àpótí rẹ̀ kúrò. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó síbi tó ti máa ń jókòó, ó wá kọjú sí ògiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́jà tó ń ti Jankara bọ̀ a máa dúró ní òdì kejì, wọ́n á ké e láti ẹ̀yìn ògiri, pẹ̀lú ẹ̀rín, "Àgò onílé o!" Ìyá mi náà á dáhùn, "Àgò yà!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yí ká lọ gba títì. Lẹ́yìn náà, ó di ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìró bàtà nìkan ló ń gbọ́. Mo bá a jókòó lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, òòrùn á máa rọ̀ sórí ògiri yẹn bí òróró pupa, òun á sì tẹ́ etí. Ó kú láìsọ ohunkóhun nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lálàá ọ̀nà yẹn lóòótọ́. Nínú àlá, ó máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. N óò wọlé lójú títì, n óò máa rìn, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á máa rìn níwájú mi, n kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Nígbà mìíràn omi ọ̀sà á ti dé kókósẹ̀ mi, tí kò tutù, tí kò gbóná. Bí mo bá jí, n óò fẹ́ rántí bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe rí gan-an, n kò sì ní mọ̀ bóyá ohun tí mo rí lọ́mọdé ni mò ń rántí, tàbí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Kò gba ọ̀nà nìkan. Ó gba ìdánilójú mi pé mo gbà á kọjá rí.

Kọ̀ǹpútà wá dé iṣẹ́ wa. Àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù rẹ̀, èmi kò bẹ̀rù, mo kọ́ ọ. Ẹni kẹta tí ó ṣẹ̀ mí wọlé níbí: akẹgbẹ́ mi kan, tó di ọ̀gá mi nítorí pé ó mọ ẹ̀rín rín. Máàpù tí a ń fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì kì í tètè dé. Ó ní kí wọ́n ra wáyà tó fẹ̀ sí i. Wọ́n rà á. Máàpù ṣì ń falẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún ra èyí tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Mo bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Mo ní: "Ẹ̀ ń wo bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Fífẹ̀ ń sọ iye tó lè kọjá bí kò bá sí ìdíwọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni iye dátà tó dé gan-an, láàárín ìṣẹ́jú kan, ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúró dè é. Ẹ wo ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkángun títì. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ lè fẹ̀ bí ikùn màlúù. Bí ogójì ilé bá jọ ń pọn ọ́n, tí ó sì ń jò lójú ọ̀nà, garawa tiyín kò ní tètè kún. Garawa ni kí ẹ wò, ẹ má wo páìpù."

Ó ní òun á rò ó. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó dìde níwájú àwọn ọ̀gá àgbà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ páìpù àti garawa bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ló po tíì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ̀yìntì. Àwọn ẹbí mi tó kọ́lé sí òkè odò ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, mo kọ̀. Mo padà sí yàrá ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Dáwódù ṣì wà láyé, nínú yàrá òkè tó kọjú sí títì, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. A máa ń kíra láti orí àkàsọ̀, a kì í jókòó ti ara wa.

Láìpẹ́ yìí, iná jó ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí wa. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àwọn panápaná ń yí ká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, wọn kò mọ inú ilé tí wọ́n lè gbà já. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ya máàpù gbogbo ọ̀nà àárín ilé, láti ẹ̀yìn Ìgà Ìdúngànrán, ààfin ọba, dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó lè wà lórí fóònù àwọn panápaná. Wọ́n ń ya èyí tó ṣí àti èyí tí wọ́n ti dí, nítorí pé ibi tí ọ̀nà ti wà rí, ògiri kan ṣoṣo ló dí i. Ènìyàn lè wó o lójú kan kí àwọn tó wà nínú ilé rí ibi sá gbà. Ọmọ ọmọ dáwódù ló ṣáájú wọn, obìnrin tó ti bímọ, tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ó wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù lọ́wọ́, ìbànújẹ́ lójú.

"Màmá àgbà, ẹ gbà wá. Máàpù wa rẹwà lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ tó bá dé orí fóònù, ńṣe ló ń yí bí òkòtó, kì í ṣí."

"Níbo lẹ ti dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé e jáde?"

"Ní ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ wa kan ní Fikitóríà Áílàńdì. Ó ń sáré níbẹ̀ gan-an."

"Ṣé Fikitóríà ni iná á ti jó ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ dán an wò ní Jankara ní agogo tí ọjà kún, nígbà tí ẹni gbogbo ń fi fóònù sanwó, tí àwọn mìíràn ń wo fídíò lábẹ́ àtíbàbà, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n jọ ń pín nìyẹn. Ó lọ, ó padà. Ó ní ó tiẹ̀ burú ju bí òun ṣe rò lọ. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ti pinnu láti mú máàpù náà fúyẹ́: wọ́n á yọ gbogbo ohun tó bá tóóró, wọ́n á sì kọ́kọ́ yọ àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti dí.

Abẹ ni mo tún rí.

"Ẹ má yọ ohunkóhun," ni mo wí. "Jókòó."

A jọ jókòó ní ẹnu yàrá, lórí ẹní, níbi tí mo ti máa ń dùbúlẹ̀ lọ́mọdé. Mo ní kó fi hàn mí bí máàpù náà ṣe ń rìn. Fọ́tò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, fọ́tò gbogbo erékùṣù, tí wọ́n gé kéékèèké bíi táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò sílẹ̀, ìlà ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́: ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti yà, ibi tó parí sí. Fóònù fúnra rẹ̀ á fa ìlà náà. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n fẹ́ yọ kò wúwo ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ nígbà náà. Mo ní kí wọ́n fi táìsì ìlà ti ibi tí panápaná dúró sí ṣáájú, kí ti ibi tó jìnnà wá máa bọ̀ lẹ́yìn.

Mo wá rí ohun tó ń pa wọ́n gan-an. Fóònù náà ń béèrè táìsì kan, á dúró títí yóò fi dé, kó tó béèrè èkejì. Á tún dúró. Bí ìdáhùn bá sọnù lọ́nà, á padà lọ tún un béèrè.

"Àgò," ni mo wí, "àgò yà. Àgò, àgò yà. Lórí táìsì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tó fi yá ní Fikitóríà: ìdáhùn ń tètè bọ̀ níbẹ̀. Níbí, ẹni tó ń dáhùn jìnnà, ariwo sì pọ̀. Kò sí bí ọ̀nà ṣe lè fẹ̀ tó, bí ẹ bá ń ké àgò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìdúró lẹ ó máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Ẹ kó wọn pọ̀. Kí ẹnì kan ké àgò fún gbogbo wọn."

Ó wò mí. "Màmá àgbà, níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Níbi tó o jókòó sí yìí."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, ó ní kí n bá òun rìn. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń dán, ojú ọ̀run ti pọ́n bí pupa ẹyin. Mo di apá rẹ̀ mú, fóònù wà lọ́wọ́ mi. A ń rìn, máàpù náà sì ń ṣí níwájú wa, àwọn ìlà funfun tín-ín-rín ń yọ jáde lórí dúdú, ilé kan, ìkọ̀rọ̀ kan, ọ̀nà àárín ilé kan tí mo ti gbàgbé pé ó wà, bí ẹni pé ẹnì kan ń tan fìtílà níwájú ẹsẹ̀ wa. Ó dà bíi pé inú àlá mi la wà, ṣùgbọ́n àlá náà ń lọ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. A yí gba ìkọ̀rọ̀ Jankara, a dé ẹ̀yìn ilé wa. Mo dúró. Níbi ilé wa, máàpù dúdú. Kò sí ìlà.

"Èwo nìyí?"

Ó tẹ orí ba. "Màmá, ẹ má bínú. Òfin ẹgbẹ́ wa ni. Ọ̀nà tí wọ́n ti dí, àgbà méjì nínú ilé yẹn ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà á kọjá rí. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á máa fi wá pààlà ilé onílé. Ẹ̀yin ti sọ tiyín. Ẹnì kan ò tó."

Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ti kú tàbí kí wọ́n ti kó lọ. Nínú ilé, ẹnì kan ṣoṣo ló kù.

A gun àkàsọ̀ lọ bá a. Ó ti kí ìrun Alaásárì tán, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ funfun bí omi ìrẹsì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ẹ kú ìkàlẹ̀, bọ̀ọ̀dá."

"Akọ̀wé. Ṣé o ti gbé ogun rẹ dé?"

"Mo gbé e dé. Ṣé etí yín ṣì ń gbọ́ràn?"

"Èyí tó bá wù mí ni mò ń gbọ́."

"Bàbá àgbà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o," ni ọmọ ọmọ rẹ̀ wí.

"Ta ló ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé èmi ni mo gun àkàsọ̀ lọ bá a ni?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ tì í, ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀, ó gbé fóònù sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Dáwódù fi ìka kàn án.

"Ohun tí mo bá sọ síbí, ṣé á dé ọ̀dọ̀ panápaná?"

"Á dé, Bàbá. Kíákíá. Màmá àgbà ló bá wa tún un ṣe."

"Ó máa ń tún nǹkan ṣe," ó wí, kò sì jọ ìyìn.

N kò lè dúró mọ́. "Ṣé ọ̀nà wà nínú ilé yìí, àbí kò sí?"

"Mo ti dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ wá."

"Irọ́ lẹ pa lọ́jọ́ náà."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ bo ẹnu. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún dáwódù nílé wa. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e sínú títí tó fi gbó, mo sì jẹ́ kó jáde. Mo ní: "Ìyá mi kọjú sí ògiri yín títí tó fi kú. Àwọn ènìyàn ń kí i láti ẹ̀yìn ògiri bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n fi abẹ ha á kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo lálàá. Mo ti wá ń lá a báyìí, bọ̀ọ̀dá, n kò mọ èyí tí mo rí mọ́. N kò béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ yín. N kò ní kí ẹ wó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún mi pé mo gba ibẹ̀ kọjá rí."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ti ń bọ̀ láti Jankara, ohùn wọn ń gun fèrèsé bọ̀ wá sókè, ó ń rọ̀, ó ń wọra, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́rọ̀ láti abẹ́ omi. Nísàlẹ̀, ní ilé kan tí n kò mọ̀, ẹnì kan ké àgò. Dáwódù gbé orí sókè, ó ń dúró. Èmi náà ń dúró. Kò sí ẹni tó dá onítọ̀hún lóhùn.

Ó yí ojú funfun rẹ̀ sí ibi tí mo dúró sí. Ohùn rẹ̀ kéré, ohùn ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó ní:

"Èmi ni mo dí i. Láàárọ̀, wọ́n ń sáré lọ sọ́jà, wọ́n á ju ìkíni lu ìyá mi bí ẹni ju òkò, wọ́n á kọjá. Nírọ̀lẹ́ tí ara bá tù wọ́n, ọ̀dọ̀ ìyá tìrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé. Wọ́n á dúró tì í, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi á máa gbọ́ wọn láti orí àga yìí. Nígbà tí wọ́n bá fi la ọ̀nà yẹn já dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ìkíni ti tán lẹ́nu wọn."